Ìwé Onídùúró

"Mi ò ní buwọ́ lù ú," ó wí, ó sì ti fọ́ọ̀mù náà padà sí àárín tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì tí ìyá rẹ̀ kò tíì fẹnu kàn.

Àbúrò rẹ̀ ń wo fọ́ọ̀mù náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, bírò kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láti kékeré. Kò sí ìwé iná, kò sí páálí bàtà tí kò tíì yàwòrán sí nínú ilé yẹn. Yunifásítì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ló gbà á wọlé, iṣẹ́ gíráfíìsì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ló fẹ́ kọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó yá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lówó náà ló sì ti fẹ́ yáwó. Wọ́n ti ní àwọn gbà. Ó ku onídùúró kan ṣoṣo, ẹni tó ń gba owó oṣù, tí wọn yóò dì mú bí ọmọ náà kò bá rí owó san. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sì wà yìí.

"Ṣé pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí. Owó ni mò ń sọ." Ó fa ìwé kékeré kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ìwé tí etí rẹ̀ ti gbó nítorí ṣíṣí lójoojúmọ́. "Gbọ́. Tí wọ́n bá pín owó oṣù mi sí ọ̀nà mẹ́wàá, mẹ́ta nínú ẹ̀ kì í dé ọwọ́ mi. Báǹkì á ti yọ ọ́ kí n tó jí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń san án, ó ku mẹ́ta. Ọkùnrin tó jókòó tì mí níbi iṣẹ́ kò dé ẹnu géètì yunifásítì rí. Orí fóònù ló ti kọ́ṣẹ́, oṣù mẹ́jọ péré. Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń san fún un?"

"Iye tí wọ́n ń san fún yín ni. Ẹ ti sọ ọ́ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Mò ń tún un sọ kó lè wọ̀ ọ́ létí ni."

Kì í ṣe pé ahun ni ọmọbìnrin yìí o. Òun ló ra bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ àbúrò rẹ̀ yẹn, òun náà ló san owó àtúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́ a máa sọ èèyàn di oníṣirò. Ó ti ṣírò rẹ̀ síwá sẹ́yìn: ọdún mẹ́rin tó lò nílé ẹ̀kọ́ láìgba owó oṣù kankan, ọdún méje tí yóò fi san gbèsè, àti gbogbo ohun tí ì bá ti fi owó yẹn ṣe. Bó ti wù kó ṣírò rẹ̀, yunifásítì ló ń jẹ̀bi.

Aránṣọ ni ìyá wọn. Òun ló ṣe onídùúró fún àkọ́bí rẹ̀ lọ́jọ́sí, ṣùgbọ́n òfin ti yí padà. Àwọn ayánilówó kò gba ẹni tí kì í gba owó oṣù mọ́. Ó mú fọ́ọ̀mù náà, ó fi etí aṣọ nu ibi tí tíì ta sí, ó sì tì í sábẹ́ àwọn ìwé tó fi ń gé aṣọ.

"Kò sẹ́ni tó máa fi agbára gba ìfọwọ́sí lọ́wọ́ rẹ," ó wí. "Tètè máa lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Màámi, kí ló wá wà lẹ́yìn ẹ̀fà ọ̀hún báyìí?"

"Ṣé èmi náà ti débẹ̀ ni? Máa lọ."

Ní ilé ìtẹ̀wé tí ẹ̀gbọ́n ti ń ṣiṣẹ́, Dìgírì ni wọ́n ń pè é, nítorí ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ̀. Bàbá Ẹ̀rọ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó débẹ̀, nígbà tó béèrè bóyá wọ́n ní àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mì. "Ẹ bá Dìgírì wá àga," bàbá náà ké sí àwọn yòókù, orúkọ sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni Bàbá Ẹ̀rọ, òun ló ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gé ìwé. Ó ní àṣà kan tí gbogbo wọn mọ̀: kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ tí kò bá ní nọ́ńbà létí. "Nọ́ńbà rẹ̀ dà?" ni ìkíni àárọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó ti sú wọn.

Ìwé ara ìgò oògùn ikọ́ ni wọ́n fẹ́ gbé lọ fún oníbàárà lọ́jọ́ náà. Oríṣi méjì ni oògùn náà, ti ọmọdé àti ti àgbàlagbà, orúkọ kan náà sì ni méjèèjì ń jẹ́. Dìgírì ló ya ìwé wọn lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Olóògùn ní kí orúkọ oògùn òun tóbi débi tí afọ́jú á fi rí i, ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀ fún un. Ibi tí wọ́n kọ "ti ọmọdé" àti "ti àgbàlagbà" sí wá di tíńtín nísàlẹ̀. Àwọ̀ ló kù tó yà wọ́n sọ́tọ̀: àwọ̀ ewé fún ọmọdé, pupa fún àgbà. Kí ìwé má baà ṣòfò, ó to méjèèjì sórí abala ńlá kan ṣoṣo, pupa lápá òsì, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, ó kọ nọ́ńbà sí etí abala náà nítorí Bàbá Ẹ̀rọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.

Ìdì àwọ̀ ewé kan ló fẹ́ fi ọ̀rá wé láàárọ̀ yẹn nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé tí àwọ̀ rẹ̀ bá dé etí, bí a bá tò ó jọ, àwọ̀ náà á hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yẹ kí ẹ̀gbẹ́ ìdì yẹn jẹ́ àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà pupa kan wà láàárín rẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú. Òmíràn tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó fa ọ̀kan yọ: ti àgbàlagbà ni. Ó tú ìdì kejì, ó tú ìkẹta. Wọ́n ti dàpọ̀.

Bí ìwé yìí bá dé ilé olóògùn, ẹ̀rọ ni yóò máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, ẹ̀rọ kò sì mọ̀wé. Oògùn àgbàlagbà á gbé ìwé ọmọdé wọ̀, ìyá kan á sì bu ṣíbí kan fún ọmọ rẹ̀. Ó mú ìwé méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ó lọ bá Bàbá Ẹ̀rọ.

"Bàbá, ta ló yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ẹ gé wọn tán?"

"Èmi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni pupa nínú méjèèjì yìí?"

Bàbá Ẹ̀rọ wo méjèèjì. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wá pa ẹ̀rọ, ohun tí kì í ṣe láàárọ̀. "Dìgírì," ó rọra wí, "má bi mí ní irú ìbéèrè yẹn níwájú èèyàn."

Wọ́n wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó lórí páálí kan.

"Bákan náà ni wọ́n rí lójú mi," ó wí. "Láti kékeré ni. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo da yíǹkì tí kò tọ́ sínú ẹ̀rọ, ọ̀gá mi gbá mi létí, ó ní mò ń fiṣẹ́ ṣeré. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí wọ́n kọ sára agolo ni mò ń kà. Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà níbí, ẹnì kan ò mọ̀. Nọ́ńbà ni mo gbójú lé. Èyí tó o kọ sétí abala yẹn, nígbà tí mo gé e tán, nọ́ńbà bá ìgékù lọ. Tábìlì wá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀. Mo fẹ́ pè ọ́, ojú tì mí. Mo ṣà wọ́n, mo ń fi ọkàn yà wọ́n."

"Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sísàlẹ̀ ńkọ́, Bàbá?"

"Ìwọ náà wò ó. Ṣé ojú ẹni ọgọ́ta ọdún ló máa ka ìyẹn?"

Ó fẹ́ bínú, ìbínú kò wá. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó wo ọ̀rọ̀ tíńtín tó kọ sísàlẹ̀, ó sì rí i pé òótọ́ ni bàbá náà ń sọ.

"Ẹ̀yin nìkan kọ́, Bàbá," ó wí. "Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa ríran dáadáa, ṣùgbọ́n pupa àti àwọ̀ ewé á máa jọra lójú wọn. Bí wọ́n ṣe bí yín nìyẹn, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ ṣe."

Bàbá Ẹ̀rọ gbójú sókè. "Ọ̀pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀ gan-an."

"Èmi rò pé ojú tèmi ni kò gbọ́n." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ta ló sọ fún ọ?"

Olùkọ́ wọn ní ọdún kejì ní yunifásítì ló sọ ọ́. Obìnrin kúkúrú kan ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Ìyá Ta-ni-yóò-lò-ó, nítorí pé bí o bá gbé iṣẹ́ tó rẹwà jù láyé wá síwájú rẹ̀, kò ní wò ó kó tó bi ọ́ pé, "Ta ni yóò lò ó?" Bí o bá ní gbogbo èèyàn ni, á ní kí o máa gbé e padà lọ. Òun ló kọ́ wọn pé ojú ò dọ́gba. Òun náà ló ní kí wọ́n máa gbé iṣẹ́ tí wọ́n bá parí lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́nu géètì, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní dúdú àti funfun. Bí ohun méjì tó yẹ kó yàtọ̀ bá jọra lórí ẹ̀dà yẹn, iṣẹ́ kò tíì parí. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe fọ́tókọ́pì ọ̀hún, wọ́n sì máa ń kùn títí wọn yóò fi padà dé kíláàsì.

Láti ìgbà náà, Dìgírì kò fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ rí láìṣe ẹ̀dà rẹ̀, àfi èyí. Ọjọ́ tó parí rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ tí báǹkì yọ owó. Olóògùn ń kánjú, Ọ̀gá ń kánjú, òun náà sì wí nínú ara rẹ̀ pé iye tí wọ́n ń san fún òun kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ para ẹ̀. Ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, ó gbé báàgì, ó lọ sílé. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó wo ẹ̀yìn nínú yàrá ìwé yẹn, ara rẹ̀ ló rí níbẹ̀.

"Ṣé o máa sọ fún Ọ̀gá?" Bàbá Ẹ̀rọ béèrè. "Ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì."

"Màá sọ ohun tí èmi ṣe fún wọn. Tiyín, ẹ̀yin lẹ ni ín."

Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ni Ọ̀gá, òun ló ni ilé ìtẹ̀wé náà. Dìgírì ṣe ẹ̀dà ìwé méjèèjì ní dúdú àti funfun, ó lọ tẹ́ wọn síwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ti ọmọdé?"

"Àlọ́ lo fẹ́ pa fún mi ní aago mẹ́wàá àárọ̀?" Ó na ìka sí ọ̀kan. "Èyí."

"Ti àgbàlagbà nìyẹn, Ọ̀gá."

Ọ̀gá wá gíláàsì ojú rẹ̀ kiri tábìlì, ó rí i, ó wọ̀ ọ́, ó tún ìwé méjèèjì wò. Dìgírì wá ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un: ìwé ti dàpọ̀, kò ṣe é gbé lọ, kò sì yẹ kí wọ́n kàn yà á sọ́tọ̀ kí wọ́n gbé e lọ, nítorí bó bá lè dàpọ̀ níbí, yóò dàpọ̀ nílé olóògùn, yóò tún dàpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó.

"Ta ló dà á pọ̀?"

"Èmi ni mo ya iṣẹ́ tó ṣe é dà pọ̀. Wọ́n kọ́ mi ní bí mo ṣe lè mọ̀ kó tó dé orí ẹ̀rọ, mi ò ṣe é."

"Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀, mà. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ yẹn."

Ọ̀gá wò ó títí. Ó wá gbé fóònù, ó pe olóògùn, ó sì ní kí Dìgírì dúró kó gbọ́. Kò bo ohunkóhun. Ó ní iṣẹ́ tí àwọn tẹ̀ kò dára, ó ṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀, ó ní àwọn yóò tún un tẹ̀ lówó ara àwọn, yóò sì pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin. Olóògùn ní òun dúpẹ́. Ó ní ọmọ-ọmọ òun méjì ló wà nílé, oògùn yẹn ni àwọn ń lò.

"Inú owó oṣù rẹ ni ǹ bá ti yọ owó ìwé yìí," Ọ̀gá wí nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n o lè dákẹ́, o ò dákẹ́. Lọ tún un yà. Má sì jẹ́ kí n tún rí lẹ́tà tó kéré tó eṣinṣin mọ́ nínú ilé yìí."

"Ẹ ṣé gan-an, mà."

Ọkùnrin tó kọ́ṣẹ́ lórí fóònù, tí wọ́n ń pè ní Fóònù, ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti Dìgírì kó tó jókòó. Àwọn méjèèjì jọ tún un yà. Fóònù ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù. Òun ló ní kí ti ọmọdé ní òbìrìkítí ńlá funfun kan láàárín, kí wọ́n kọ ỌMỌDÉ sínú rẹ̀ gàdàgbà. Dìgírì fi ìlà méjì nípọn dábùú ti àgbàlagbà, ó kọ ÀGBÀ sáàárín wọn, ó sì fi nọ́ńbà sára ìwé kọ̀ọ̀kan níbi tí ọ̀bẹ kò ní dé. Wọ́n ṣe ẹ̀dà wọn ní dúdú àti funfun. Wọ́n gbé e jìnnà sí ojú, wọ́n wò ó. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣì wọ́n mú.

"Ọgbọ́n yìí dára o," Fóònù wí. "Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Ibi tí mò ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù."

Fóònù rẹ́rìn-ín títí ó fi gbórí lé tábìlì. Ó wá mú iṣẹ́ tirẹ̀ tó ti parí lánàá, ó lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó wò ó, ó sì padà sídìí kọ̀ǹpútà láti tún un ṣe. Ohun tó gba Dìgírì ní odidi ọdún kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gba ọ̀gbẹ́ni yìí. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ni, ìyẹn ì bá bí i nínú, ì bá sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Lọ́sàn-án yìí, inú rẹ̀ dùn sí i. Ó rí i pé ẹ̀kọ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ òun, ó ti dé ọwọ́ ẹlòmíràn, kò sì dín kù lọ́wọ́ òun.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣíwọ́, Bàbá Ẹ̀rọ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀. Wọ́n ti tẹ ìwé díẹ̀ wò nínú èyí tuntun, ó da méjèèjì pọ̀ mọ́ra lọ́wọ́, ó sì ń yà wọ́n lójú Dìgírì, òbìrìkítí síhìn-ín, ìlà sọ́hùn-ún, láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

"Mo ti sọ fún un," ó wí.

"Fún Ọ̀gá? Kí ni wọ́n wí?"

"Ó ní ṣé ìdí nìyẹn tí ìbọ̀sẹ̀ mi kì í fi í bára mu láti gbogbo ọdún yìí wá." Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. "Ó ní láti òní lọ, gbogbo iṣẹ́ ilé yìí gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, kì í ṣe nítorí tèmi nìkan. Dìgírì, ọdún méjìlélógún ni mo fi gbé ẹrù yẹn, o bá mi sọ ọ́ kalẹ̀ láàárọ̀ kan. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí ọlọ́ṣà tó kó ni lẹ́rù lọ. Mo dúpẹ́. Bá mi kí olùkọ́ yẹn."

Nígbà náà ló tó rántí pé òun fúnra rẹ̀ kò dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà rí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀, ó wá nọ́ńbà olùkọ́ náà lórí fóònù rẹ̀, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan fọ́tókọ́pì tí kò ṣe. Ó kọ ọ́ gùn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. N kò mọ̀ pé mi ò tíì sọ ọ́." Bọ́ọ̀sì kò tíì dé tí èsì fi wọlé. "Ọmọ mi, mo gbọ́. Ọlọ́run yọ yín. Ṣé o ti jẹun?" Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rẹ́rìn-ín láàárín èrò.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó délé. Ìyá rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó ń fi ẹ̀rọ gbá etí aṣọ kan. Ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ lórí ilẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ń ṣa abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀.

"Màámi, nígbà tẹ́ ẹ buwọ́ lu tèmi, ṣé ẹ ṣírò rẹ̀?"

"Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta." Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò kúrò lórí ẹ̀rọ. "Kò bára mu. Mo bá buwọ́ lù ú."

"Kí ló dé?"

"O máa ń yàwòrán sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń gé aṣọ. Oníbàárà á wá wọn aṣọ, á gbàgbé ohun tó bá wá, á máa bi mí pé ta ló yà á. Kí ni kí n wá ṣe? Tí mo bá ní kí n máa dúró dìgbà tí ìṣirò bá pé, èmi ì bá má tiẹ̀ bí yín."

Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò lè rẹ́rìn-ín mọ́. "Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín rí, Màámi. Gbogbo ohun tí mo máa ń sọ ni iye tó ń ná mi."

"O dúpẹ́. Ọdún mẹ́rin lo ti ń san án, wọn ò tíì kan ilẹ̀kùn mi lọ́jọ́ kan rí. Mò ń sùn, mò ń jí. Ọpẹ́ wo ló tún ju ìyẹn lọ?"

Àbúrò rẹ̀ wọlé, ó kí wọn, ó sì fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ sí yàrá. Kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tún di ìjà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é padà. Ó fa ẹ̀dà méjì yọ nínú báàgì, àwọn tí kò dára, tí Ọ̀gá ṣì mú láàárọ̀, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì. Kò ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Oògùn ni. Èwo ni ti ọmọdé nínú wọn?"

Ọmọ náà gbé wọn sún mọ́ ojú, ó wá wọn látòkè délẹ̀. "Èyí. Wọ́n kọ ọ́ síbí, nísàlẹ̀."

"O gbà á."

Ó rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gbé ìwé sílẹ̀. Ó tún wò ó, ó wo ìyá rẹ̀ tó ń fojú wá ihò abẹ́rẹ́, ó sì fajú ro.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni yóò lò ó?"

"Kí lo wí?"

"Mo ní ta ni yóò lò ó. Èmi rí i kà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Màámi ni wọ́n fẹ́ bu oògùn fún ọmọ, wọn ò ní rí i. Ẹni tó yà á kò ro ti wọn."

Nínú ilé yẹn, ẹ̀gbọ́n kò sọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn rí. Gbèsè nìkan ló ti ń sọ láti ọdún mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó fi ìbéèrè yẹn sí ọmọ náà lẹ́nu. Òun ló wá a rí fúnra rẹ̀, lórí ìwé ara ìgò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Ó yọ ìwé kékeré tó fi ń ṣírò, ó ṣí i sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì nà án sí i.

"Jókòó. Kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, má fo nǹkan kan. Gbèsè tó o máa jẹ, ohun tó o máa san, iye ọdún. Mi ò fẹ́ kó o ní ẹnikẹ́ni tàn ọ́."

Ọmọ náà jókòó. Ó kà á, ó ń fi ìka tọ ìlà. Ó pẹ́ lórí ojú ewé kẹta. Ìyá wọn kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀, "kò bára mu."

"Mo mọ̀." Ó na ọwọ́ sábẹ́ àwọn ìwé tí ìyá wọn fi ń gé aṣọ, ó fa fọ́ọ̀mù náà yọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ kó lè gún. "Gbé bírò rẹ wá."